Omi Tí Mọ́mì Ń Mu ní Ọjọ́rú

Oògùn òyìnbó ni mò ń tà ní Alákijà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ ojú ẹni tó mu nǹkan. Ojú Mọ́mì rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun dé láti Agboju, ojú á pọ́n, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, á wọlé, á sùn fọnfọn di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Odindi ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá mi, kò rí oorun sùn. Mo mọ̀, torí gbogbo òru ni mò ń gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ ní pálọ̀ ilé wa ní Festac. Mo fún un ní oògùn oorun títí, kò ràn án. Àfi ìgbà tí aládùúgbò wa kan mú un lọ sí Agboju ló tó rí oorun sùn. Aládùúgbò yìí náà ló sọ fún mi pé Mọ́mì máa ń lọ sínú ẹ̀mí, pé á máa pariwo, á máa yí po bí ọmọdé, àti pé wọ́n máa ń mu omi kan kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Háà! Omi kẹ̀? Mo ti rí i. Wọ́n ń po nǹkan fún ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, ọkàn rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní áńgẹ́lì ló wá mú un. Bàbá ti lọ. Mi ò ní ìyá méjì.

Mo jí ìgò omi kan nínú báàgì rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo gbé e mu tán, mo jókòó, mo ń retí kí ògiri máa rìn. Wákàtí méjì. Ìtọ̀ nìkan ló gbọ̀n mí.

Mo ní tí kì í bá ṣe omi, tùràrí ni. Ní Ọjọ́rú, mo tẹ̀lé e lọ, èmi tí mo máa ń fi aláṣọ funfun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí èéfín ò ti ní dé ọ̀dọ̀ mi, mo tẹjú mọ́ Mọ́mì.

Kò tíì jẹun láti àárọ̀. Agogo ń dún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, orin kan ṣoṣo, ìlà méjì péré, wọn ò dáwọ́ dúró. Orin yẹn sú mi débi pé inú ń bí mi. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́. Mọ́mì ń mí gúlegúle, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lu sìmẹ́ǹtì. Mo wá rántí bàbá mi. Ó máa ń sọ fún wa pé ìyá àgbà òun jẹ́ olóòṣà ní abúlé, pé omi tútù lásán ló máa ń tọ́ wò kí òòṣà tó gùn ún. Ijó àti àtẹ́wọ́ ló ń ṣe ìyókù. Mo máa ń rò pé irọ́ ni bàbá ń pa.

Mo wo ọwọ́ ara mi, ó ń pàtẹ́wọ́. Ta ló rán an? Mo gbọ́ igbe kan: “Bàbá mi o! Bàbá mi ti lọ!” Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Láti ọjọ́ tá a ti sin ín, mi ò tíì sunkún. Èmi ni mo wá alásè, èmi ni mo ń pàṣẹ fún gbogbo ayé. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè sunkún?

Mọ́mì ló gbá mi mú. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo bi í pé, “Mọ́mì, kí ni wọ́n ń fi sínú omi yẹn?”

“Omi wo? Ẹnu ẹ̀rọ ilé wa ni mo ti ń bù ú. Omi tiwọn níbí ń rùn.” Ó wò mí. “Ìwọ lo jí ìgò mi, àbí?”

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún ò sì tíì dá. Ọlọ́run mi, ara tù mí! Kò sẹ́ni tó ń po nǹkan kan fún ìyá mi.

A délé. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn tì díẹ̀ lórí àga bàbá mi. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti ń wọ̀, Mọ́mì ti fi ìró rẹ̀ bò mí, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí.

“Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run fún oorun yìí,” ó ní. “Àbí o rò pé mi ò mọ̀ pé ìwọ náà kì í sùn?”