Igun Tí Ẹnìkan Kò Bò

Láti ìgbà tí ọkọ Kúlúsúmù ti kú ni ó ti ń rán ìrọ̀rí ní Oníyanrìn, tí ó ń gbé e lọ tà ní Ọjà'ba. Òwú tí ó ń kì bọ inú wọn kò gbọdọ̀ rí omi. Bí ó bá tutù lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fẹ́ fẹ ilé bàbá wọn, ohun kan ṣoṣo ni ó tọrọ: yàrá tí kì í jò.

Páànù mẹ́wàá ni wọ́n tò sí gígùn òrùlé náà, mẹ́wàá sí ìbú. Misbaudeen, ẹ̀gbọ́n, ní òun yóò fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún gígùn rẹ̀, kí mẹ́wàá di méjìlá. Afeez, àbúrò, ní òun náà yóò fi bẹ́ẹ̀ kún ìbú. Kálukú ra ogún páànù.

"Ọgọ́rùn-ún àtijọ́, ogún tèmi, ogún tìẹ," ni Misbaudeen wí. "Ó parí."

Wọ́n fún ìyá wọn ní yàrá igun, níbi tí àfikún méjèèjì ti pàdé, kí ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn, ó tètè kó àpò òwú rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí Oyèdélé káfíńtà kan páànù tó kẹ́yìn, ojú ọ̀run ṣì ń wo òwú náà.

"Ìyá, ó ku mẹ́rin," ni Oyèdélé wí. "Èmi náà rò pé ó máa tó. Ilé ti di méjìlá lọ́nà méjìlá. Mẹ́rìnlélógóje ló ń jẹ, ogóje ni wọ́n kó fún mi. Kálukú bo ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀. Igun tí wọ́n jọ bí ni wọn ò kà."

"Bọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ yín ni," ni Afeez wí.

"Ẹ̀gbẹ́ mi? Bí o ò bá fẹ ìbú, ṣé igun á wà níbẹ̀?"

"Bí ẹ̀yin náà ò bá fa gígùn ńkọ́?"

"O ti ń gbójú sí mi! Bo ìyá ẹ, jàre."

"Ìyá tèmi nìkan?"

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Kúlúsúmù lè ra páànù mẹ́rin, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ni yóò mọ̀ pé ọmọ méjì kò bo òun.

Òjò ṣú láti apá Màpó. Kúlúsúmù ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Gòkè. Yọ méjì lórí Misbau, méjì lórí Afeez, kí o fi bo tèmi. Kí òjò bá àwọn náà sọ̀rọ̀."

"Ìyá, ẹ má mà mú mi rógun o."

"Mo ní gòkè."

Oyèdélé ti fa ìṣó kan yọ nígbà tí Bushrah, ọmọ Misbaudeen, yọjú síta, tí ó ń wúkọ́.

"Màámà, ṣé òjò máa wọlé wa ni?"

Kúlúsúmù wò ó títí. "Oyèdélé, dá ìṣó náà padà. Sọ̀kalẹ̀."

Ó kó òwú rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọdé, ó sì padà sí tirẹ̀. Nígbà tí òjò dé, Misbaudeen yọjú, Afeez yọjú. Wọ́n rí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, kálukú padà wọlé. Ìyá wọn jókòó ní igun. Òjò ń dún lórí páànù lọ́tùn-ún, ó ń dún lórí páànù lósì. Lórí tirẹ̀ kò sí ohun tí yóò dún.