Eyín Tí Mo Fẹ́ Jù Sórí Òrùlé Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Títí di òní, bí òórùn kànáfùrù bá ta sí mi nímú, ilé ìwòsàn eyín kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkàn mi máa ń lọ. Òórùn náà wà lára àga tí wọ́n ní kí n fẹ̀yìn tì, ó wà lára aṣọ dókítà, ó sì wà lẹ́nu èmi náà, nítorí kànáfùrù ni mo ń kì bọ abẹ́ ètè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí n tó gbà láti wọkọ̀. O mọ̀ mí, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n lórí àga yẹn, n kò ronú kan abẹ́rẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mò ń rò, àti bí n ó ṣe gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", àgbà ló jẹ́ sí mi nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí, n kò sì ní ọ̀wọ̀ kankan tí mo fẹ́ fún un. O rántí èjí mi, èyí tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ń torí rẹ̀ kí mi káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run ló fún mi. Ní tirẹ̀, ayùn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà tó wà lọ́mọge, wọ́n sì rẹ́ ẹ wọ́. Kò sígbà tí mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ tí kì í gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ kan lórúkọ nílé ẹbí ọkọ mi, èmi àti òun la jọ dúró nídìí odó, odó kan, ọmọ odó méjì. O mọ bí a ti ń ṣe é: bí tèmi bá lọ sókè, tirẹ̀ á wá sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yí iyán bá sì ti ní "ó tó", ọwọ́ gbogbo á dúró. Kò sí obìnrin Ọ̀yọ́ tó gúnyán dàgbà tí kò mọ èyí. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́bàá ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí ni, ó ní, "Ẹ wo èjí ìyàwó wa, bó ṣe yẹ ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní "ó tó", mo ki ọwọ́ bọ omi, mo bẹ̀rẹ̀ sórí odó láti yí iyán. Ọmọ odó rẹ̀ ṣì wà nínú odó. Ńṣe ló fà á sókè tagbáratagbára, orí ọmọ odó náà sì bá mi lẹ́nu. Ìlàjì eyín iwájú mi, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí èjí náà wà láàárín wọn, bọ́ sínú iyán.

"Ọwọ́ mi ló yọ̀," ló wí. Kò bẹ̀ mí. Àwọn àgbà ilé àti ọkọ mi ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ẹbí ọkọ ẹni kò ní mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni léṣe. Wọ́n da iyán ẹlẹ́jẹ̀ nù, wọ́n gún òmíràn, gbogbo ènìyàn sì jẹun àfi èmi.

Nígbà tí eyín náà kò jẹ́ kí n sùn mọ́, ọkọ mi ní ká lọ yọ ọ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n èmi ní ìdí tèmi. Ní kékeré, bí eyín bá ká lẹ́nu wa, orí òrùlé la máa ń jù ú sí. Èyí, orí òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni n ó jù ú sí, kó máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé kí ló ṣe ẹnu mi, orúkọ rẹ̀ ni n ó dá.

Dókítà náà, obìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kan eyín náà, ó yẹ fọ́tò rẹ̀ wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbòǹgbò ẹ̀ ṣì le. A lè tọ́jú ẹ̀ kó dúró. A máa kó ohun tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀ kúrò, a máa dí i, a wá dé e ní fìlà, ìyẹn ìbòrí tó dà bí eyín gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá léraléra. Tẹ́ ẹ bá ní ká yọ ọ́, a máa yọ ọ́ lónìí."

"Ẹ yọ ọ́," ni mo wí.

Ó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ nígbà tí fóònù ọkọ mi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọkọ mi kì í gbé fóònù sétí, ńṣe ló máa ń ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ báyìí. Dókítà tiẹ̀ ní àwọn lè tọ́jú ẹ̀."

"Tọ́jú kí ni? Ní kí wọ́n yọ ọ́ jàre. Ó ti fi èjí yẹn yangàn tó."

Ọkọ mi pa fóònù, kò lè wo ojú mi. Mo rọra ti ọwọ́ dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn mi tutù.

"Ẹ má yọ ọ́ mọ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

"Ó máa pẹ́ o, mà. Ó sì máa dùn yín."

"Kó pẹ́."

Ó pẹ́, ó sì dùn mí. Mo jẹ eruku ọyẹ́ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi sú mi. Ọkọ mi ń bá mi lọ ní gbogbo ìgbà, kò sì tún ní kí n fọwọ́ wọ́nú mọ́. Nígbà tí ó ku fìlà nìkan, dókítà bi mí bóyá kí òun ṣe é kó fẹ̀ díẹ̀, kó pa èjí náà dé. Mo ní bí Ọlọ́run ṣe fi àyè sí i ni kó fi í sílẹ̀, kó má fi ohunkóhun dín in.

Ní Iléyá ọdún náà, mo wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí mi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nílé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa béèrè eyín lọ́jọ́ náà." Mo wá rẹ́rìn-ín, n kò sì tètè pa ẹnu dé. Ó wò ó, ó wò ó, ó sì gbé ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì jẹ ẹran ọdún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà ti sọ fún mi pé kò sí ẹ̀mí nínú eyín náà mọ́. Omi tútù ni o, ẹ̀kọ gbígbóná ni o, kò mọ ọ̀kankan. Ó kàn dúró sí àyè rẹ̀, ó ń dán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ẹbí tó wà láàárín èmi àti obìnrin yẹn. N kò dárí jì í, n kò sì ní í lọ́kàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti dé, mo máa ń lọ, mo máa ń kúnlẹ̀ bó ti yẹ, mo sì máa ń ṣí ẹnu mi sílẹ̀ kó rí i dáadáa.