Òwú Làsísì àti Kọ́bọ̀ Oníhò

Làsísì fi itọ́ ra ṣóńṣó òwú náà, ó yí i láàárín ìka méjì, ó sì tì í bọ inú ihò kọ́bọ̀. Ó gbé e sókè. Kọ́bọ̀ náà ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Làsísì kò dì í mú. Ó dúró dè é títí ó fi dúró jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ahunṣọ!" Reuben, fọ́máànù gáréèjì, ké sí i láti ẹ̀yìn. "Ṣé dàńṣíkí lo fẹ́ hun fún mọ́tò ni?"

Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ gáréèjì rẹ́rìn-ín. Làsísì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Rárá o, fọ́máànù. Bàtà rẹ̀ ló wọ̀ sódì. Mo fẹ́ bá a tún un wọ̀."

Gáréèjì Dàwódù wà lẹ́bàá òpópónà Agége. Ọdún yẹn ni wọ́n ń gé igi obì lulẹ̀ lọ́nà Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́. Ó ti pé ọdún méje tí Làsísì ti ń fi gíríìsì sí abẹ́ mọ́tò níbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn kì í dé. Kó tó wá sí Èkó, ìdí òfì ló jókòó sí nínú àgbàlá bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ títí ó fi di géńdé. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó kọ́ níbẹ̀.

Mọ́tò Ọ́sítìn dúdú tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ti Olúgbénró ni, akọ̀wé kan ní Ìkẹjà. Olúgbénró rí mọ́tò kan nínú kàlẹ́ńdà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ kan gé sipíríǹgì iwájú kúrú, kó sì yọ irin méjì kúrò nínú ti ẹ̀yìn. Mọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń fà sósì, etí inú táyà iwájú rẹ̀ sì ń jẹ bí ọṣẹ. Reuben fi jáàkì gbé e, ó fi irin ìwọ̀n tuntun wọn àárín táyà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn.

"Ó dọ́gba," ni Reuben wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olúgbénró lọ tó tún padà wá. Nígbà tí Reuben wí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn kan jáde láti abẹ́ lọ́rì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó dọ́gba, àmọ́ kò tọ́."

Dàwódù fúnra rẹ̀ gbọ́. Ó ní kí Làsísì jáde síta. Làsísì ní òwú lásán lòun á fi tò ó tọ́.

"Ó dáa. Fi òwú rẹ tò ó. Bó bá tọ́, igun iwájú yẹn di tìẹ. Wàá máa to táyà lórúkọ ara rẹ, àwọn ará ọ̀nà á sì máa rí ọ. Bí kò bá tọ́, ọ̀rọ̀ òwú parí níbí. Gíríìsì ni títí ayé."

"Mo gbà, sà."

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi dúró ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí gbogbo wọn ń wòran.

Làsísì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ jáàkì. Ó ní kí wọ́n ti mọ́tò náà síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá Olúgbénró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé jókòó."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ìwúwo yín ni mo fẹ́ yá."

"Ẹ̀bà tí wọ́n jẹ láàárọ̀ nìkan ti tó o!" Reuben wí.

"Nídìí òfì, òwú tí òkúta kò bá fà le, a kì í wọ̀n ọ́n," Làsísì dáhùn. "Orí jáàkì lẹ ti ń wọn mọ́tò yìí, fọ́máànù, kò tíì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

Ó so kọ́bọ̀ rọ̀ láti orí táyà kọ̀ọ̀kan, ó wo bí táyà ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òwú. Ó tú kọ́bọ̀ náà kúrò. Ó na òwú láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, ó fà á le títí ó fi ń dún. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, ó sì ń yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti dọ́gba báyìí," Reuben wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. "Dè é."

"Ó kù."

Ó ki kọ́bọ̀ sáàárín òwú àti etí iwájú táyà. Kọ́bọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún ọ̀pá yí, ó tún ki kọ́bọ̀ síbẹ̀. Kọ́bọ̀ náà tẹ òwú. Ó dá ọ̀pá padà díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kọ́bọ̀ dúró, òwú kò tẹ̀. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, ó sì de nọ́ọ̀tì.

"Bó bá ń sáré, ọ̀nà á ya ẹsẹ̀ rẹ̀ síta," ó wí. "Kó ti kó o wọnú díẹ̀ kó tó kúrò nílé."

Làsísì kò mọ mọ́tò wà. Olúgbénró ló fẹ́ wà á, Dàwódù sì wọlé jókòó tì í.

"Tẹ́ ẹ bá kọjá ilé búrẹ́dì, ẹ fi sítíárìn sílẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè," Làsísì wí.

"Bó bá wọ gọ́tà ńkọ́?" Olúgbénró bi í.

"Kò ní wọ̀ ọ́."

Mọ́tò náà jáde. Wọ́n rí i láti ẹnu ọ̀nà, eruku pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjá ilé búrẹ́dì. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn, ọwọ́ méjì gòkè, wọn kò sì tètè wálẹ̀. Mọ́tò náà ń lọ tààrà, ó ń kéré, títí ó fi dé ibi tí igi obì ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Dàwódù sọ̀ kalẹ̀, ó yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀kan.

"Reuben, kó àwọn dírọ́ọ̀mù yẹn kúrò ní igun iwájú."

"Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Reuben kò tíì lọ. Ó ti mú kọ́bọ̀ náà nílẹ̀, ó ń fi ojú kan wo inú ihò rẹ̀.

"Kọ́bọ̀ mi, fọ́máànù," Làsísì wí.

Reuben fi í sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Làsísì ká òwú rẹ̀ mọ́ ìka mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Ó lọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ síhà ojú ọ̀nà.