Ilà Mẹ́ta Nínú Kámẹ́rà Bàbá Mi

Ẹ má wá sọ fún mi pé ẹ ti ka ìtàn ilé iṣẹ́ yẹn nínú ìwé. Ẹni tó ń kọ ọ́ jókòó lórí àga mi ní ìlú Dassa níbí, mo sì mọ ohun tó kọ́kọ́ kọ.

Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, ní ilẹ̀ àwọn yòvó aláwọ̀ funfun kan tí yìnyín ti ń bọ́, kámẹ́rà onífíìmù ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba tiwọn àti tiwa ń ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ wa kan lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Bàbá mi wà nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu láti Kèrè, tí kò fọwọ́ kan kámẹ́rà rí. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé etí rẹ̀ mú, wọ́n bá gbé e lọ sídìí tábìlì àwọn tó ń fetí dán kámẹ́rà wò. Tí ojú kámẹ́rà bá là tó sì padé, ìró rẹ̀ nìkan ni bàbá mi fi ń mọ̀ bóyá ó pẹ́ jù. Ó ní ìró náà kò gbọdọ̀ fà.

Òun ló sọ fún mi pé iye kan wà tí ìjọba fẹ́ kó jáde lóṣooṣù. Tí oṣù bá ti ń parí, ọ̀gá á ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá, àtèyí tó dá àtèyí tó yarọ. Ta ló fẹ́ bá ọ̀gá jiyàn? Ohun tí bàbá mi ṣe ni pé, èyí tó bá dára lóòótọ́, kí wọ́n tó dé e, á fi ṣóńṣó irin fa ilà kéékèèké mẹ́ta sínú ìdérí rẹ̀, irú ilà mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó ní òun ń kọlà fún un ni, kí wọ́n lè mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn tó kọlà fún bọ̀ wálé, ó sì fi ṣí sítúdíò. Gíríìsì inú rẹ̀, ti ilẹ̀ òtútù ni. Oòrùn Dassa yọ́ ọ, ó ṣàn bo ojú kámẹ́rà náà, gbogbo ayé sì ní pàǹtí ni ìjọba kó fún un. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó dé e padà, kí wọ́n tó bí mi nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u mọ́, nítorí wáyà róbótó kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá sọnù, ó parí.

Kámẹ́rà tó fi sílẹ̀ fún mi yẹn ni mo fi ń jẹun dòní. Fótò tí wọ́n ń gbé ṣáájú òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti Kèrè títí dé Aklampa, èmi ni mo ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Tẹlifóònù sọnù, fótò inú rẹ̀ bá a lọ. Tèmi ṣì wà lára ògiri.

Lọ́dún tó kọjá ni obìnrin yòvó yìí dé, tó ní òun ń kọ ìtàn ilé iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ti tì pa tipẹ́tipẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi Faransé sọ pé, "Màmá, mo ti wo ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ yín, agbálẹ̀ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ wọn." Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo sọ ti ilà mẹ́ta náà fún un. Bíìkì tó fi ń kọ̀wé kò mira lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti fi ojú ara yín rí i?"

Mi ò rí i rí. Ẹnu bàbá mi nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbé kámẹ́rà náà sórí tábìlì, mo ń wo ìdérí rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ta tẹlifóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ o. Oúnjẹ yín lẹ fẹ́ tú palẹ̀ yẹn." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá tú u, agbálẹ̀ ni bàbá mi máa jẹ́ nínú ìwé títí láé. Tí mo bá sì tú u tí mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀, òpùrọ́ ló máa jẹ́ lọ́kàn èmi ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Mo ní kí àbúrò mi bá mi mú túnafíìsì wá, kí n fi tú ìdérí rẹ̀.

Bí ìdérí ṣe ṣí, wáyà róbótó náà ta jáde, ó wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò wo ibẹ̀. Mo gbé ìdérí náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ìka nu eruku inú rẹ̀. Ilà mẹ́ta. Ti àárín gùn díẹ̀ ju méjì tó kù lọ, bó ṣe rí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Obìnrin náà wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn, ìtìjú mú ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti tú àwọn kámẹ́rà àtijọ́ kan ní ìlú rẹ̀, ó sì ti rí ilà náà nínú mọ́kànlá. Ohun tó kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni: àbùkù, irin òṣìṣẹ́ ha á.

Mo bi í pé, "Àwọn mọ́kànlá yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "Gbogbo wọn."

Àbúrò mi bá wa rí wáyà náà, mo sì dá a padà síbi tó wà. Ojú kámẹ́rà náà kì í lọ́ra mọ́ bí mo bá fẹ́ kó pẹ́ kó tó padé, àmọ́ ìyókù ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obìnrin náà tó dìde lọ́jọ́ yẹn, mo gba bíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ìlà pa ọ̀rọ̀ àbùkù yẹn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá. Kò dá mi dúró. Ó ní kí ni kí òun wá kọ dípò rẹ̀.

Mo ní, "Kọ ọ́ pé ọmọ Kèrè kan gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì ní ó dára."