Ọkọ Mi Òkèèrè

Kùmásí ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń tún aago ṣe. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló kàn. Ọ̀yọ́ ni ọjà ti ń jẹ́ ọjà, Ọ̀yọ́ ni omi ti ń jẹ́ omi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àná ló kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti filé sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò padà débẹ̀ rí. Lọ́dún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa kó ẹrù wọn, tí àwọn èèyàn wa rọ́ lọ sílé, oyún mi ti wọ oṣù kẹsàn-án nínú ìyá mi, ni bàbá mi bá mú un sá pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Bí mo ṣe dàgbà síbẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè mí ní Àlátà, orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì kan gbà mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà sáàpù ni, ohun gbogbo gbówó lórí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ilé ni mò ń lọ. Ta ni yóò tún pè mí ní Àlátà? Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀. "Ọmọ Gánà" ni wọ́n ń pè mí. Ohùn mi, ọbẹ̀ mi, bí mo ṣe ń di gèlè, wọ́n ní Gánà ni gbogbo ẹ̀. Inú máa ń bí mi gan-an, n kò sì mọ ìbínú í fi pamọ́.

Ni mo bá pinnu pé lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ti fún wa láàyè, Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ. Bàbá mi ti júwe ilé wọn fún mi: agbo ilé àwọn oníṣẹ́ awọ, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń tà l'Ọ́yọ̀ọ́ tí ò sí ní ọjà Takie wa níbí?"

Ohun tí mò ń wá kì í ṣe títà. Mo fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kan, kí àwọn tó wà nínú ilé wí pé ọmọ wa nìyí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ mí ńkọ́? Ìlú wo ló tún kù?

Kí n má purọ́, ojú tí mo fi kọ́kọ́ wo Ọ̀yọ́ kò dára. Eruku pupa, páànù tó ti dípẹtà. Ọjà Akẹ̀sán tí bàbá mi gbé ga dé ọ̀run kò tó ìdajì ọjà Kùmásí. Mo ní, bàbá yìí mà tàn wá jẹ o! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó ń bú ẹlòmíràn, obìnrin tó ń ná ìkòkò, àwọn ọmọdé tó ń jà, bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ ọ́. Orí mi wú.

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá sórí ògiri ni mo fi mọ ilé náà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Mo fọwọ́ bo imú wọlé. Obìnrin gíga kan, tí yóò tó ọmọ ogójì ọdún, ń lọ ata lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ le.

"Ta lo ń wá?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo dárúkọ bàbá mi, mo ní èmi ni àkọ́bí rẹ̀ láti Kùmásí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó fi ata sílẹ̀ lórí ọlọ, ó dìde, ó wọlé lọ.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. Nígbà tó yá, mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi, mo gbé báàgì. Ẹ máa gbélé yín, mo wí bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Mo ti kẹ̀yìn sí wọn nígbà tí ohùn ọkùnrin kan ní, "Dúró níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi, nítorí ojú bàbá mi náà ni, ewú nìkan ló fi jù ú. Kò tilẹ̀ kí mi káàbọ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n bí ọ?"

"Ọdún tí wọ́n lé àwọn àjèjì ni, sà."

"Ṣáájú Iléyá tó tẹ̀lé e ni àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

"Ṣáájú ẹ̀ ni, sà."

Ó yíjú sí obìnrin náà tó tẹ̀lé e jáde. "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo la gbé ọ níyàwó wọlé?"

"Lẹ́yìn Iléyá yẹn kan náà ni, bàbá."

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ti fọ ata kúrò lọ́wọ́, ó ti pààrọ̀ ìró, ó ti wé gèlè. Ohun tó wọlé lọ ṣe nìyẹn. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú èmi ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi rí pé ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ sì ni, ì báà jẹ́ obìnrin. N kò mọ̀ pé ó lè kàn mí. Ni èmi náà bá sáré kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kígbe, "Dìde! Àbí ìwọ náà fẹ́ di ìyàwó ilé?" Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Àwọn tí wọ́n lé kẹ́yìn ní Gánà ló mú ìròyìn ìbí mi wálé. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n ka àwọn ọkọ mi fún mi. Ẹni tó pupa, mo fún un lórúkọ. Ẹni tó ga, mo fún un. Wọ́n ní ọ̀kan tún wà ní Kùmásí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ pupa, mi ò mọ̀ bóyá ẹ dúdú. Mo bá sọ yín ní Ọkọ-mi-òkèèrè." Gbogbo Iléyá ló ń yọ ẹran mi sọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá mi jẹ ẹ́.

Láti Kùmásí dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń wá ẹni tó mọ̀ mí. Ẹnì kan ti ń kà mí kún ọmọ ilé láti bí ọdún méjìdínlógún!

Kì í ṣe pé Ọ̀yọ́ wá dùn lójijì. Ẹ̀fọn jẹ mí, iná ò wá, omi kànga wọn kan mí lẹ́nu, mo sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí obìnrin náà ń mú mi yí Akẹ̀sán ká, tó ń wí fún gbogbo ọlọ́jà pé "Ọkọ mi nìyí o," mo ń yan bí ẹni tó nilẹ̀. Ọjà náà tóbi lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ó sìn mí dé gáréèjì, ó sì tún kúnlẹ̀ lójú gbogbo dẹ́rẹ́bà. Ó ní, "Mo ti wá rí yín wàyí. Ẹ ń bo imú, ẹ ń nu àga kí ẹ tó jókòó, omi wa ò dùn mọ́ yín lẹ́nu. Ó dàbọ̀, Afínjú ọkọ mi. Bí Iléyá bá dé, ẹ fẹnu ara yín wá jẹ ẹran yín."

Ọkọ̀ ti kúrò kí n tó fura pé kò pè mí ní òkèèrè mọ́. Mo sunkún títí dé Takie, mo sì gbórí sókè sun ún.