Ohùn Mẹ́rin Tí Mo Gé Kúrò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún olórin tó bá pè mí sí situdíò. Mi ò ní ẹgbẹ́ tèmi, orúkọ mi kì í sì í sí lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé ààbò nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni mo ti kọ́ fífọn, ṣùgbọ́n jáàsì ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi nǹkan tirẹ̀ kún orin ẹlòmíì. Tèmi ni ohùn mẹ́rin kan tí mo fi ń parí orin, tó ń yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Màpó lẹ́yìn òjò. Gbogbo àdúgbò wa ní Oníyanrìn ló mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ń dánra wò lọ́sàn-án, ìyá aláṣọ tó wà ní iwájú ilé wa á pariwo pé, "Bàbá wa tún ti yọ̀ ṣubú o!"

Nígbà tí igun méjì nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ ń du gáréèjì, wọ́n pè mí sí situdíò kan ní Mọ́lété. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí, ìlù àti gìtá nìkan ni wọ́n fi sí mi létí. Olórin kò tíì fi ọ̀rọ̀ sí i. Mo fọn, mo fi ohùn mẹ́rin mi parí rẹ̀, mo lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́ orin náà ní Ọjà'ba, lórí rédíò ọlọ́kadà kan. Èébú ni. Wọ́n bú olórí ọ̀kan nínú igun méjì yẹn, wọ́n bú ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyá yẹn gan-an ni ohùn mẹ́rin mi ti wọlé, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Olórin sá kúrò nílùú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olórí tí wọ́n bú dáná sun situdíò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ọkùnrin méjì dé ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n ti ń ti ilé afọnfèrè kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wá ẹni tó fọn ohùn mẹ́rin yẹn.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Wọ́n ní ẹ máa ń fọn fèrè."

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni," mo dáhùn.

Èkejì rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọn ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ká gbọ́. Àwa náà fẹ́ gba ìbùkún."

Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà ní, "Kí lẹ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Eyín ń ro ó, bí ewúrẹ́ ló máa dún."

Wọn ò lọ.

Mo fọn orin ìyìn kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìka mi ti ń lọ síbi ohùn mẹ́rin yẹn fúnra wọn. Mo gbé wọn kúrò. Orin náà kàn dúró síbẹ̀. Ní òdìkejì, ìyá aláṣọ gbé orí sókè, ó ń retí ìyókù. Ó wo àwọn àlejò mi. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Mi ò fọn ohùn yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, orin náà kọjá nínú mọ́tò kan ní Bẹẹrẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bàtà mi ò ní okùn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó bi mí ní Oníyanrìn pé kí ló dé tí mi ò ṣubú mọ́.