Yàrá Tí A Kò Sùn Sí ní Kútọnu

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ẹni tó la ojú fún wa kí a tó mọ̀ pé ojú là ń pè bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ojú mi méjèèjì tí mo fi ń kọ èyí. Mo dúpẹ́ fún ojú ìyá mi, èyí tí Ó kọ́kọ́ gbà àti èyí tí Ó gbà tẹ̀lé e, nítorí Òun ló ni wọ́n. Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéwú pé kí a máa dúpẹ́ ní ìgbà ìdẹ̀ra àti ní ìgbà ìnira. Ti ìdẹ̀ra rọrùn. Ti ìnira yìí, ẹnu mi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ọkàn mi ni kò tíì bá a dé ibẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé kéwú kan ní Títírù, níbí ní Párákù. Àdúgbò Lajífárání ni wọ́n bí mi sí, nínú ẹbí tó ń ta aṣọ. Ọdọọdún ni àwa olùkọ́ máa ń lọ ṣe ìpàdé ní Kútọnu létí òkun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní onímọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní agbo ilé wa. Ẹ má rò pé oríyìn ni. Lọ́dọ̀ tiwa, òtẹ́ẹ̀lì ni ibi tí ẹni tí kò lẹ́nìkan ń sùn, tàbí ẹni tó ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́. Ará Párákù tó bá dé Kútọnu, tó ní ẹbí níbẹ̀, tó wá lọ sanwó kó tó sùn, gbogbo ìdílé ló bú yẹn.

Síbẹ̀, mo ti sùn sí oríṣiríṣi wọn. Lọ́dún kan, àwọn tó pe ìpàdé lówó lọ́wọ́, wọ́n fi wá sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó kọjú sí òkun. Ilẹ̀kùn onígíláàsì ibẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ bí o bá ti súnmọ́ ọn. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì funfun débi pé orí àga ni mo jókòó sí títí ó fi rẹ̀ mí. Ẹ̀rọ amúlétutù tutù ju ọyẹ́ lọ, a kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, èmi àti olùkọ́ kejì mi bá da ìborùn bo ara. A ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé apá ibo ni ìlà-oòrùn wà kí a tó lè kírun. Òkun kò sì jẹ́ ká sùn. Ariwo rẹ̀ dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá tí kò kọjá tán.

Tí àpò bá mọ níwọ̀n, àwọn ilé alájà kan wà lójú títì ńlá, fáànù wà níbẹ̀, omi sì máa ń yọ bó bá jẹ́ àárọ̀. Tí àpò bá gbẹ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ló kù, níbi tí wọ́n ti ń gba yàrá ní wákàtí wákàtí, tí a kì í béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀ ṣáájú ẹni. Obìnrin tó fi ìborùn bo orí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó bá àpò olùkọ́ mu jù, tó sì mọ́ jù, ilé àlejò àwọn arábìnrin ìjọ àgùdà ni. Wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọ́n ń tètè ti géètì, wọ́n ń fún èèyàn ní búrẹ́dì àti kọfí láàárọ̀, wọn kì í sì bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀.

Ojú ìyá mi ló mú kí gbogbo ìmọ̀ yìí wúlò fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ojú òsì ti lọ kí a tó fura. Ó rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tí mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Párákù, ó ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú wá, pé ohun tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù dúró. Èyí tó kù náà kò pọ̀. Ìyá mi ní òun ń wo ayé bí ẹni tó ń wò ó láti inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Dókítà ní àlejò kan láti òkè òkun ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu, pé òun ti bá a sọ̀rọ̀, yóò fi ìyá mi sí àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa lò kẹ́yìn. "Kí oòrùn tó yọ, kí ẹ ti wà níbẹ̀," ló wí. "Ọkọ̀ òfurufú kò ní dúró dè é."

Mo jókòó, mo ro ó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á dáwó kí ìyá sùn sí èyí tó kọjú sí òkun. Ìyá ní, "Ṣé òkun ló ṣe ojú mi ni?" Ti ojú títì ńlá jìnnà. Ti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, a kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti géètì àwọn arábìnrin, èèyàn ń rí géètì ilé ìwòsàn yẹn. Mo lè fa ìyá mi lọ́wọ́ débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. "Àfáà mi, ṣé wọn ò ní da omi sí mi lórí lójú oorun?"

"Ìyá, wọn ò ráyè."

"Ó dáa. Tẹ́ ibùsùn mi sẹ́bàá ilẹ̀kùn."

A fi ìdájí wọ bọ́ọ̀sì, a dé Kútọnu lẹ́yìn ìrun àìlà. Arábìnrin àgbàlagbà kan mú wa wọlé, ó sì gbé búútà omi àlùwàlá wá láìjẹ́ pé a béèrè. Ó fẹ́ yọ àgbélébùú tó wà lára ògiri. Ìyá ní kó fi sílẹ̀. "Ojú kan ni mo ní, ìyá àgùdà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mò ń wò." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín pọ̀. Mo kán oògùn ojú tí dókítà fún wa sí i lójú. Mo lọ títí dé géètì ilé ìwòsàn, mo padà. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun alaásàrì, ìyá béèrè fóònù. Ó ní òun fẹ́ kí àbúrò òun. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kútọnu, ń gbé ní òdìkejì ọ̀sà ní ìlú náà. Mo ní kó jẹ́ ká ti ilé ìwòsàn dé ná. Ó wò mí. "Mo wọ ìlú tí ọmọ ìyá mi wà, kí n má sọ fún un? Ṣé ẹran ni mí?" Mo tẹ nọ́ńbà náà fún un.

Kí wọ́n tó pe ìrun mangaríbà, Bàbá Kútọnu ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé mo ti kú ni?"

"Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́."

"Àbí ilé mi ló jóná, tí wọn ò sọ fún mi?"

"Àbúrò mi, ilé ìwòsàn ló súnmọ́ ibí."

"Ilé ìwòsàn! Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí títí mo fi lè sáré, òun ló wá sùn sílé àwọn àgùdà, tí mo sì wà láàyè? Tí wọ́n bá gbọ́ ní Párákù, ẹnu wo ni kí n fi bá wọn sọ̀rọ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ àfáà, ìwé lo mọ̀ kà, o ò mọ èèyàn kà."

"Bàbá Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́, kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ń retí wa. Afárá wà láàárín ilé yín àti ibí."

"Orí afárá ni mò ń gbé ni? Mo ní mọ́tò. Mo mọ ìlú yìí bí mo ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Ìdájí ni màá gbé yín débẹ̀."

Ó ti gbé báàgì ìyá kọ́ èjìká bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹbí bá ti gbé báàgì rẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnìkan kì í bá ẹbí fa báàgì níta. Mo wo ìyá mi. Ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ," ló sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Inú ẹ̀ ló dùn." Arábìnrin àgbàlagbà náà bá wa dé géètì. Ó wo ilé ìwòsàn, ó wò mí, ó ní òun ò ní fún ẹlòmíràn ní yàrá náà di ọjọ́ kejì.

Mi ò lè sọ pé wọn ò tọ́jú wa. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Wọ́n pa adìyẹ. Wọ́n kó gbogbo ọmọ jọ kí wọ́n wá kí ìyá àgbà. Bàbá Kútọnu fún ìyá ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, òun sùn sórí ẹní. Wọ́n sọ ìtàn ìgbà èwe wọn, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Bí a ti kírun àsùbáà tán ni a wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé afárá, ọkọ̀ àjàgbé kan tó ń gbé ẹrù bọ̀ láti èbúté ti dá sí méjì lójú ọ̀nà, ó dábùú. Kò sí mọ́tò tó lè lọ síwájú, kò sí èyí tó lè padà sẹ́yìn. Àwọn alùpùpù sẹ́míjàn tó ń gbé èrò pàápàá ti há mọ́ra wọn bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. Bàbá Kútọnu sọ̀ kalẹ̀, ó pariwo, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún pariwo. Ojú ọ̀run ń mọ́ lórí ọ̀sà. Nígbà tó rí i pé kò sí ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gùn mí lẹ́yìn." Ìyá kọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Àgbà ọkùnrin tó ti hewú pọn ìyá mi láàárín mọ́tò àti alùpùpù, èmi ń lànà níwájú, àwọn èèyàn ń yà fún wa. Èémí rẹ̀ gé kí a tó dé òpin afárá. Ó sọ ìyá kalẹ̀, ó dúró mí, ó tún pọ̀n ọ́n.

Nígbà tí a rí sẹ́míjàn ní ọ̀hún, oòrùn ti gun òkè.

Nọ́ọ̀sì tó pàdé wa jẹ́ ọmọdébìnrin. Ó wo ìyá mi, kò wò mí. "Màmá, a pè yín. A pè yín títí." Dókítà ti mú ẹni tó tẹ̀lé e, ó sì ti mú ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn náà. Ẹni ìkẹyìn ló wà lórí tábìlì nígbà tí a dé, bó bá ti ṣe tán, pápákọ̀ òfurufú ni dókítà yóò gbà lọ tààrà. Wọn kò mọ ìgbà tó máa padà wá, bóyá ní ọdún mìíràn. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí géètì àwọn arábìnrin. Ẹnìkan ń gbálẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá Kútọnu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá mi tẹ ọrùn síwájú títí ó fi rí i. "Dìde, àbúrò mi," ló wí. "Aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

A padà sí Párákù. A ń kán oògùn ojú náà. Lásìkò ọyẹ́, ìyá ní èéfín kún inú ilé. Kò sẹ́ni tó dáná. Mo bi dókítà wa bóyá iṣẹ́ abẹ yẹn ì bá ti dá ojú náà dúró. "Bóyá," ló wí. Mi ò tíì rí ibi tí mo lè gbé bóyá yẹn sí. Mo gbé e lọ sórí ẹní ìkírun, mo tún gbé e dìde níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìkà pa lára lè ní kí Ọlọ́hun bá òun gbẹ̀san. Kí ni ẹni tí wọ́n fi oore pa lára máa bẹ̀?

Àwọn ará agbo ilé ṣì ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo àpò, kí wọ́n wo ohun tó ń gbé wọn lọ. Bó bá jẹ́ àìsàn, kí wọ́n sùn sẹ́nu géètì, kí wọ́n kí ẹbí nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Àfáà." Wọ́n á dé ọ̀hún, wọ́n á tẹ ẹbí láago.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá Kútọnu máa ń pè. "Ojú ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi?" Ìyá á ní, "Alihamudu lilahi, mò ń ríran díẹ̀díẹ̀." Ó ti mú gbogbo wa búra pé a ò ní sọ pé ojú kejì náà ti lọ. Ó ní bí àbúrò òun bá mọ̀, yóò kú. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ̀ irọ́, mo jókòó tì í, mo dákẹ́. Mi ò mọ bí àwọn máláíkà ṣe ń kọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Kútọnu sọ pé òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa. Ìyá kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ń rìn kiri àgbàlá lójoojúmọ́, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi àlùwàlá, láti ibi àlùwàlá dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà náà láìsí ọ̀pá. Ní ọjọ́ tó máa dé, ó ní kí n gbé òun jókòó kọjú sí ìta, kó lè dà bí ẹni tó rí i lókèèrè.

Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, káàbọ̀! Agbádá funfun yìí mà yẹ ọ́ o!"

Aró dúdú ló wọ̀. Bàbá Kútọnu wo aṣọ ara rẹ̀, ó wo ojú ìyá mi tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ibi tó dúró sí. Ó sún lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ síbi tí ojú náà kọjú sí, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Nítorí yín ni mo ṣe wọ̀ ọ́."

Ó bá wa ṣe ọdún tán, ó lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà kò sọ. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó pè. "Ojú ńkọ́?" Ìyá ní, "Mò ń ríran." Ó ní, "A dúpẹ́." Ìyá gbé fóònù kalẹ̀, ó fọwọ́ wá mi lára títí ó fi kan apá mi.

"Kò fura," ló wí.

"Kò fura, Ìyá."

Ẹ̀yin tí ẹ fi ojú yín ka èyí dé ìsàlẹ̀, kí Ọlọ́hun bá yín dá a sí. Bí ìrìn-àjò bá mú yín dé ìlú àjèjì, kí ẹ rí ibi tó dára sùn, kí ẹ sì jí dé ibi tí ẹ ń lọ lákòókò. Kí Ó má fi ìfẹ́ àwọn èèyàn yín dán yín wò. Àmín.